Ẹ fún wa ní píríọ́dù kan lọ́sẹ̀ ká fi jókòó bi ara wa bá a ṣe ń kọ́ni: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin pírínsípà wa

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin pírínsípà ilé-ìwé gírámà ìjọba, ẹ̀yin hẹ́dímásítà àti hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì wa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà, ẹ kú ìpàdé òní ìpàdé ọ̀la. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tí mo bá wà lórí ìdúró sọ ọ́, ẹ máa ní ọmọ yìí ti ń rí àgbà fín. Tíṣà mátíìsì ni mí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nílùú Ìbàdàn, ilé-ìwé mẹ́ta ni tiransífà ti gbé mi dé, mi ò sì ní dárúkọ ìkankan nínú wọn torí kì í ṣe ilé-ìwé kan ni mò ń bá wí, àti pé, ká má parọ́, mo ṣì fẹ́ máa gba owó oṣù.

Òjò ló bí lẹ́tà yìí.

Oṣù kẹfà ni, píríọ́dù kẹta ń lọ lọ́wọ́, lòjò bá dé. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò ṣe ń ṣe lórí páànù kíláàsì tí ò ní sílìn, kéèyàn pariwo títí kí ọ̀fun ẹ̀ bẹ́, ọmọ tó jókòó níwájú gan-an á kàn máa wo ẹnu ẹ̀ ni. A pa ìwé dé, àwọn ọmọ kóra jọ sí igun tí ò jò, àwa tíṣà sá wọ sítáàfù-rúùmù. Ibẹ̀ ni Bàbá Físíìsì (bá a ṣe ń pè é nìyẹn, ó ku ọdún díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì) ti ń máàkì tẹ́ẹ̀sì àwọn SS1, ó pòṣé, ó ní "Ìyá Mátíìsì, kí lẹ tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí gan-an ná? Mo ní kí wọ́n wá lẹ́tà a jáde nínú v = u + at, wọ́n gbé u sọdá wọn ò yí àmì ẹ̀ padà, wọ́n tún wá fi t táìmùsì ẹ̀ dípò kí wọ́n fi pín in."

Inú bí mi. Mo ní èmi ò kọ́ ọmọ kankan ní sọdá o, kò sí nǹkan tó ń sọdá nínú mátíìsì, ìkwéṣàn dà bí ìwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ni, ohun tó o bá yọ lápá ọ̀tún o gbọ́dọ̀ yọ irú ẹ̀ lápá òsì, kó má bàa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ní "Ìwọ̀n wo? Sọdá-kó-yí-àmì ni wọ́n fi kọ́ èmi, òun náà ni mo fi ń kọ́ wọn." Ni Aunty Kẹ́mísírì bá dá sí i, ó ní òun ò tiẹ̀ bá wọn dé ìdí ìwọ̀n tàbí ìdí sọdá, onígun mẹ́ta lòun máa ń yà fún wọn, kí wọ́n fi ìka bo èyí tí wọ́n ń wá, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ìdáhùn. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì ní tòun bá ti di ìṣirò máàpù, òun á kọ fọ́múlà mẹ́ta sí bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n há a sórí ni.

Ẹ wò ó o. Àwọn ọmọ kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, nǹkan kan náà, ọ̀nà mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé ìkan náà ni gbogbo ẹ̀. Ṣe la dákẹ́, òjò nìkan ló ń pariwo. Ẹni tó pẹ́ jù nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lo ọdún mọ́kànlá nílé-ìwé yẹn, èmi tí mo dé kẹ́yìn ti lo mẹ́rin. A ti jọ jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí, a ti jọ dá àjọ, a ti jọ ná owó kọ̀pẹ́rétíìfù, a ti bá ara wa sìnkú ìyá àti ìyá ọkọ, aṣọ ẹbí tá a ti jọ rà ò lóǹkà, ṣùgbọ́n a ò jókòó rí ká bi ara wa pé ìwọ, báwo lo ṣe ń kọ́ wọn ní nǹkan yìí?

Bàbá Físíìsì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kí òjò tó dá, a ti fẹnu kò pé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ̀n ni gbogbo wa máa lò, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wọn ní sọdá kó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé ìwọ̀n náà ni, kúkúrú ẹ̀ ni sọdá. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo wọn wá gba A, wọn ò gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá dìde ní kíláàsì mi, ó ní "Ma, ṣé mátíìsì náà ni ti físíìsì yẹn ni?" Oṣù kẹsàn-án ló ti ń kọ́ físíìsì. Oṣù kẹfà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ohun tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín ò ju ẹyọ kan lọ, mi ò wá tọrọ owó, mi ò wá tọrọ kọ̀ǹpútà: ẹ fún wa ní ohun tí òjò fún wa lọ́jọ́ yẹn. Píríọ́dù kan lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú, kí gbogbo àwọn tíṣà tí iṣẹ́ wọn jọra ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jókòó, kí ẹ̀yin náà wá jókòó tì wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú táìmù-tébù bẹ́ ẹ ṣe ń kọ mátíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì, torí ohun tí ò bá sí nínú táìmù-tébù nílé-ìwé wa, kò sí láyé nìyẹn.

Mo mọ̀ pé táìmù-tébù yíyà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, mo ti bá VP (igbákejì pírínsípà) ya á rí, odindi ọjọ́ mẹ́rin lórí kádíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti ìréésà, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wa. Àmọ́ ẹ wo ohun tá à ń ṣọ́ nígbà tá à ń yà á: à ń ṣọ́ ọ kí tíṣà kan má bọ́ sí kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ kí tíṣà mẹ́rin lè ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi píríọ́dù yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan míì sí i, ó máa ṣeé ṣe, tó bá jẹ́ ìgbẹ̀yìn lẹ fẹ́ wá àyè fún un ẹ ò ní rí i láéláé. Mọ́ńdè ò dáa o, asẹ́ńbílì Mọ́ńdè kì í tán bọ̀rọ̀. Jímọ̀ náà ò dáa, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á gé koríko, àwọn kan á sáré lọ kírun. Èmi fara mọ́ Wẹ́sídè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di mítíìnì! Torí mo mọ̀ wá. A máa ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a máa ka mínúùtì, a máa bèèrè ta ló ṣekọ́ńdì, ẹnì kan á gbé ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú dìde, ó tán nìyẹn. Ohun tí kálukú máa gbé wá ni ìwé àwọn ọmọ, ìwé mẹ́ta péré, ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, ti ẹni tó ń táràkà, àti ti ẹni tí ò mọ ibi tó wà rárá. Ẹ jẹ́ n fún yín ní àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn òjò yẹn, àwa mélòó kan ń jí àkókò pàdé lẹ́yìn iṣẹ́ (mo ní à ń jí i, torí nígbà tí bẹ́ẹ̀lì bá dún tán ọkàn oníkálukú ti wà lọ́jà). Lọ́jọ́ kan mo gbé ìwé ọmọ JSS1 kan dání tó kọ pé 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5. Ọdún kọkàndínlógún nìyẹn tí mo ti ń rí 2/5 yìí, báírò pupa ni mo máa ń fi fà á gé, màá tún un ṣe lórí bọ́ọ̀dù, LCM, ọdún tó ń bọ̀ màá tún rí i. Èmi ti gbà pé orí àwọn ọmọ ìwòyí ló kú.

Tíṣà Yorùbá ló là wá lójú. Kì í tiẹ̀ ṣe ara ẹgbẹ́ wa, ó kàn jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà ni. Ó ní "Ẹ ò bi í ní Yorùbá? Ẹ ní, ìdajì búrẹ́dì lo ní lọ́wọ́, wọ́n wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta búrẹ́dì kún un fún ẹ, ṣé ó wá yẹ kó kéré sí ìdajì tó o ní tẹ́lẹ̀?" Háà. 2/5 ò tó ìdajì! Ó kéré sí 1/2 tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀! Gbogbo ọdún tí mo fi ń pariwo LCM, n kò ní kí ọmọ kankan wo ìdáhùn ẹ̀ kó bi ara ẹ̀ bóyá nǹkan téèyàn fi kún nǹkan lè dín kù. Nígbà tí mo bi í lọ́jọ́ kejì, ọmọ yẹn fọwọ́ bo ẹnu. Fúnra ẹ̀ ló fa ìdáhùn ẹ̀ gé kí n tó sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ló mọ iye ọmọ tí mi ò bi.

Ọ̀rọ̀ wá kàn yín wàyí, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú.

Lẹ́sìn-nóòtù. Gbogbo Mọ́ńdè la máa ń kó o sílẹ̀, ẹ máa fi báírò pupa sáìnì, ẹ máa tẹ sítáǹbù lé e, ẹ dá a padà. Mo mọ̀ pé nóòtù ogójì kì í ṣe ohun téèyàn lè kà tán. Lọ́dún kan báyìí, ọdún tó wù mí ni kẹ́ ẹ gbà á sí, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń kà á, ni mo bá kọ ohun tí mo fẹ́ rà ní Bódìjà sí àárín nóòtù, ní Step III: ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, ẹja pánla, ṣòmbò díẹ̀. Ó padà wá sọ́wọ́ mi pẹ̀lú sáìnì àti sítáǹbù, "Good, keep it up." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn o, mo fi han ọ̀rẹ́ mi, a jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé ni mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Torí nóòtù èyí tí mo kọ dáadáa, tí mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí kọ, sáìnì kan náà ni òun náà gbà.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, hẹ́dímásítà ni wọ́n. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 17, 1955, nígbà tí UPE (ètò ìjọba àpapọ̀ pé kí gbogbo ọmọ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́) sì dé ní 1976, àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n máa darí ilé-ìwé abúlé kan, ọmọ ya wọlé bí omi, àwọn tíṣà tí wọ́n kó fún wọn, ọ̀pọ̀ ò tíì ní ìwé-ẹ̀rí tíṣà Grade II. Wọn ò lé ẹnì kankan, ta ni wọ́n fẹ́ lé, ta ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀? Àwọn fúnra wọn ń kọ́ kíláàsì kẹfà. Tó bá di ọ̀sán Jímọ̀, wọ́n á mú kíláàsì kan, wọ́n á kọ́ ọ lójú gbogbo àwọn tíṣà tó kù, àwọn yẹn á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n á ní "Ó yá, ẹ bá mi wí, níbo ni mo ti ṣì í?" Wọ́n ní ní tíṣàs-kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti kọ́ ọ, criticism lesson ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀ sì máa ń ba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn wá yí i padà, wọ́n ní ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ gba kíríìtísísíìmù. Mo máa ń bi ara mi pé, pírínsípà mélòó ló tún mú ṣọ́ọ̀kì dání lónìí? Ọ̀pọ̀ nínú yín, tíṣà tó dáńgájíá lẹ jẹ́, mo mọ̀ àwọn kan nínú yín tó jẹ́ pé torí ẹ̀yin ni mo ṣe mọ ìwé, ọjọ́ tí wọ́n fún yín ní ọ́fíìsì lẹ gbé ṣọ́ọ̀kì jù sílẹ̀.

Ẹ̀bi yín kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ṣá. Mo ti jókòó ní iwájú ọ́fíìsì pírínsípà láti aago mẹ́jọ títí di mọ́kànlá, mo rí ohun tójú wọn rí. Òbí kan wá jà nítorí wọ́n gé irun ọmọ ẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n mú iye ọmọ ọkùnrin àti obìnrin wá kí ilẹ̀ tó ṣú, ewúrẹ́ wọ oko ilé-ìwé, ẹnu odi ti wó tí àwọn ọmọ fi ń sá jáde, kò sí owó ṣọ́ọ̀kì, ìpàdé wà ní Sẹkitéríàtì ní aago méjìlá. Ẹni tó bá ń ṣe gbogbo ìyẹn, ìgbà wo ló fẹ́ wọ kíláàsì? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ogójì ìṣẹ́jú, mi ò ní odindi ọjọ́. Ẹ gbé ewúrẹ́ fún VP.

Ọ̀rọ̀ ká wọ kíláàsì tíṣà, mo mọ̀ pé àwa tíṣà gan-an la máa kọ́kọ́ ta kò ó. Ẹ̀rù ń bà wá, kò sì yẹ kẹ́ ẹ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí… ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ wò wá, ìdẹ ni. Ní 2008 wọ́n fún àwọn tíṣà ìjọba ní Kwara ní ìdánwò iṣẹ́ kíláàsì kẹrin, 19,125 ló ṣe é, 75 péré ló dé ojú àmì tí wọ́n fi lé e. Ní 2017 Kaduna ṣe tiwọn fún tíṣà bí 33,000, wọ́n ní 21,780 ò yege, wọ́n sì dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ayé gbọ́, wọ́n ń gbé ìwé ìdánwò wọn kiri lórí fóònù. Mi ò sọ pé irọ́ ni ohun tí ìdánwò yẹn rí, ó dùn mí torí mo mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ò mọ nǹkan, ọdún mélòó ló ti fi ń kọ́ni tí ọ̀gá ẹ̀ ń sáìnì nóòtù ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kò sẹ́ni tó bi ìyẹn. Ìnsìpẹ́kítọ̀ náà, tí wọ́n bá ń bọ̀, a ti gbọ́ láti àná, àwọn ọmọ ti gbálẹ̀, a ti lẹ kádíbọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, a ti sọ fún àwọn tó mọ̀wé kí wọ́n nawọ́ sókè.

Ẹni kan ṣoṣo tó wo iṣẹ́ mi rí láìní kúẹ́rì lọ́wọ́, kọ́pà ni. Ọmọdékùnrin kan báyìí, wọn ò tíì fún un ní kíláàsì, ó ní kí n jẹ́ kóun jókòó sẹ́yìn. Lẹ́yìn kíláàsì ó bá mi ní kọ́rídọ̀, ó kúnlẹ̀ tán, ó ní "Mà, ẹ má bínú, mo kà á, ìbéèrè mẹ́tàdínlógún lẹ bi wọ́n, ọmọ márùn-ún kan náà ló dáhùn gbogbo ẹ̀, iwájú ni gbogbo wọn jókòó sí." Ọjọ́ méjì ni mi ò fi dá a lóhùn dáadáa. Ìwọ ta ni? Ọmọ tí ò tíì lo oṣù kan! Lọ́jọ́ kẹta mo wọ kíláàsì, mo rin lọ sẹ́yìn, mo dúró síbẹ̀ kọ́ni, mo wá rí i pé láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ò lè ka ohun tí mò ń kọ sí bọ́ọ̀dù. Àfi ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe fún wa nìyẹn, kẹ́ ẹ máa ka nǹkan kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wa ní kọ́rídọ̀, kí ó má wọ fáìlì. Ọjọ́ tó bá wọ fáìlì báyìí, eré ìtàgé lẹ máa máa wò.

Mo tún fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mò ń sọ. Ní 1970, Bàbá Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ará Institute of Education ti Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n ní àwọn máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì á kàn jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Gbogbo wa la máa ń fi ẹnu pọ́n iṣẹ́ yẹn lé, torí àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Ohun tá a kì í sọ ni pé kò síwèé nígbà náà, wọ́n níláti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé ìṣirò ní Yorùbá fúnra wọn, wọ́n kó àwọn tíṣà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀, tíṣà ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fún ní iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá yẹn ṣiṣẹ́, mo gbà. Èrò tèmi ni pé ìjókòó yẹn náà ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú Yorùbá ẹ̀ nìkan, tẹ́ ẹ fi ìjókòó ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ò tíì mú ju ìdajì lọ.

Àwọn ará Japan ti ń ṣe irú ẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, jugyō kenkyū ni wọ́n ń pè é: tíṣà mélòó kan á jọ gbèrò lórí ẹ̀kọ́ kan, ẹnì kan á kọ́ ọ, àwọn tó kù á jókòó, kì í ṣe tíṣà ni wọ́n máa wò o, àwọn ọmọ ni wọ́n máa wò, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á tún un ṣe, ẹlòmíì á tún un kọ́ ní kíláàsì míì. Zambia gbé e láti ọwọ́ wọn, ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ẹkùn Central Province, ó sì tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà. Zambia kì í ṣe òyìnbó, páànù wọn náà ń pariwo tójò bá ń rọ̀. Ọ̀mọ̀wé obìnrin kan ní New Zealand, Viviane Robinson, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì kó àwọn ìwádìí jọ ní 2008 lórí ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé ń ṣe tó ń hàn lára ọmọ, wọ́n pín in sí oríṣi márùn-ún, èyí tó hàn jù ni kí ọ̀gá fúnra ẹ̀ jókòó sí ibi tí àwọn tíṣà ẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ wọn, kó bá wọn kọ́ ọ, kì í ṣe kó kàn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lọ. Ohun tí bàbá mi ń ṣe ní ọ̀sán Jímọ̀ nìyẹn.

Àwọn ìjọba kan ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, EKOEXCEL l'Ékòó, KwaraLEARN ní Kwara, gbogbo ohun tí tíṣà máa sọ ló ti wà nínú ẹ̀. Mi ò ní bú u, ẹni tí ò ní nóòtù rárá, ó ti rí nóòtù. Àmọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ò lè bi ọmọ pé báwo ni ìdajì ṣe di 2/5.

Lọ́dún 2025, nígbà ayẹyẹ Ọjọ́ Àwọn Tíṣà ní oṣù kẹwàá, ohun tí UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ lágbàáyé, fi ṣe àkòrí gan-an ni pé kí iṣẹ́ tíṣà di iṣẹ́ àjọṣe. A tẹ̀ ẹ́ sára bánà. A wọ àǹkárá, a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọjá níwájú àwọn ọlọ́lá, a jẹ ìrẹsì, oòrùn pa wá. Nígbà tá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kálukú wọ kíláàsì ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn (ìyẹn ẹni tí kíláàsì tiẹ̀ bá ní ilẹ̀kùn).

Ẹ máa ní tíṣà ò tó. Òótọ́ ni, ilé-ìwé wà tó jẹ́ tíṣà mátíìsì kan ṣoṣo ló ní láti JSS1 dé SS3, ta ló fẹ́ bá jókòó? Ẹ jẹ́ n bi yín ní tìbàdàn tèmi. Mélòó nínú àwọn ọgbà ilé-ìwé wa níbí ni kì í ṣe ọgbà kan, pírínsípà mẹ́ta mẹ́rin? Ìkíní, ìkejì, ìkẹta, jùníọ̀, síníọ̀, géètì kan náà la jọ ń gbà wọlé, ìyá oníbúrẹ́dì kan náà ló ń tà fún gbogbo wa, asẹ́ńbílì ìkíní ń dí ti ìkejì lọ́wọ́. Àwa tíṣà mátíìsì mẹ́fà la wà nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kò sí odi láàrin wa, mi ò mọ orúkọ méjì nínú wọn títí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín àwọn ọmọ torí wọ́n ti pọ̀ jù, wọ́n pín sítáàfù-rúùmù, wọ́n pín ìgbọ̀nsẹ̀, ó wá dà bíi pé wọ́n pín ọgbọ́n náà. Kí ni ẹ̀yin pírínsípà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa pàdánù tẹ́ ẹ bá fi Wẹ́sídè, píríọ́dù kẹfà, ṣe ti gbogbo tíṣà mátíìsì ọgbà yẹn, lábẹ́ igi máńgòrò? Tí ẹ bá ń bá ara yín jìjà àgbà, ẹ jà á lọ, ẹ jẹ́ kí àwa pàdé.

Ẹ̀pà wà lọ́wọ́ wa, a máa mú omi wá. Kò sówó nínú ẹ̀.

Lẹ́tà yìí ì bá tiẹ̀ lè dúró, àmọ́ mo rí VP wa lánàá ní ìsọ̀ ìwé, wọ́n ti ra kádíbọ́ọ̀dù táìmù-tébù táámù tó ń bọ̀, méjì, nítorí àṣìṣe. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n máa fi kọ́kọ́ kọ ọ́, ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n tó wá fi báírò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin VP tó kù náà ti ń ra tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n kí wọ́n tó mú báírò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Mátíìsì, Ìbàdàn